Ìdí Tí Jẹ́jẹ́ Fi Ń Bi Oúnjẹ Rẹ̀

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé Mariyah lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó fi etí híjáàbù rẹ̀ bo imú, ó rọra ti ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì na ọwọ́ tan iná. Iná kò tàn. Wọ́n ti mú un lọ láti àná. Ó ṣí fèrèsé onígi tó kọjú sí òpópónà. Ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ Sátidé wọlé, ariwo àwọn alábàárù tó ń ru aṣọ lọ sí Ìdúmọ̀tà sì bá a wọlé.

Jẹ́jẹ́ wà nínú àpótí onígíláàsì tó wà lórí tábìlì. Ó ká ara rẹ̀ jọ sí igun kan bí ẹni tí wọ́n lé síbẹ̀. Ní igun kejì ni eku tó gbé mì lánàá wà. Irun eku náà ti lẹ̀ mọ́ ara, awọ rẹ̀ ti ń bó, omi kan tó ń yọ̀ sì yí i ká.

"Jẹ́jẹ́, kí ló ṣe ẹ́?" Mariyah bi í.

Jẹ́jẹ́ kì í ṣe ajá, kì í sì í ṣe ológbò. Òjòlá ni, ejò tí kò ní oró. Ara rẹ̀ dúdú, àmọ́ ó ní àbàwọ́n káàkiri tó dà bíi tíì oníwàrà. Tó bá na ara rẹ̀ tán, ó gùn ju apá Mariyah lọ. Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Tí ẹ̀rù bá bà á, ńṣe ló máa ń ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, tí á fi orí pamọ́ sáàárín.

"Mariyah, kí ló ń rùn báyìí?" Ìyá rẹ̀ ni, láti ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tó ti ń wọ bàtà láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

"Eku kan ló kú, Màámi. Mo ti fẹ́ gbé e dànù."

Eku kú lóòótọ́. Àmọ́ Mariyah mọ̀ pé òun kò sọ òótọ́. Ó dúró títí ó fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ pa dé, kó tó fi ọ̀rá wé ọwọ́, tó sì kó ohun tí Jẹ́jẹ́ bì kúrò nínú àpótí.

Haleem, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ni ejò náà. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn kọ́lékọ́lé kan ní Ajáh, àwọn lébìrà rí i nínú iyanrìn, wọ́n sì fẹ́ fi ṣọ́bìrì gé e. Nígbà yẹn, kò tóbi ju okùn bàtà lọ. Haleem bẹ̀ wọ́n, ó gbé e sínú fìlà rẹ̀, ó sì gbé e wálé. Ìyá wọn kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Nígbà tó yá, ó ní ohun tí òun kò bá ti fojú rí kò lè dẹ́rù ba òun, ó sì ṣòfin pé ejò náà kò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá yẹn láé.

Lọ́dún tó kọjá ni Haleem lọ sí ìlú Òyìnbó. Ó ń kàwé, ó sì ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ó mú àbúrò rẹ̀ wọ yàrá náà.

"Ìwọ nìkan lo lè bá mi tọ́jú ẹ̀," ó sọ fún un. "Fún un lómi. Tó bá ti jẹun, bo àpótí ẹ̀, má sì fọwọ́ kàn án fún bí ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ṣó o gbọ́? Má fọwọ́ kàn án."

"Mo gbọ́, Bọ̀ọ̀dá."

Lẹ́yìn tí Haleem lọ ni Mariyah tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ló ń fi ohùn kún gbogbo ilé náà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí bàbá bàbá wọn kọ́ sí Ìsàlẹ̀ Èkó ni. Bàbá wọn ti ṣaláìsí. Àwọn oníṣòwò ló háyà yàrá ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń kó ọjà sí, wọn kì í gbé ibẹ̀. Ìyá Mariyah ń ta léèsì ní Ìdúmọ̀tà. Ó máa ń jáde ní kùtùkùtù, ó sì máa ń kí ìrun Ìṣáì ní ṣọ́ọ̀bù kó tó wálé. Tí Mariyah bá ti súkúù dé, á bá oúnjẹ nínú kúlà, á jẹun, á fọ abọ́, á ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ọjà ń pariwo nísàlẹ̀ fèrèsé, ọgọ́rùn-ún èèyàn ń pe ara wọn lórúkọ, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ tirẹ̀.

Súkúù náà kò yàtọ̀. Kò sí ẹni tó kórìíra rẹ̀. Ó kàn jẹ́ pé kò sí ẹni tó ń wá a. Tó bá lọ sílé tí kò padà wá, ó lè tó ọjọ́ mélòó kan kí ẹnì kan tó béèrè.

Ohun tó yí i padà ni ìbéèrè kan tí olùkọ́ bàọ́lọ́jì wọn béèrè. Wọ́n ń kọ́ nípa àwọn ẹranko afàyàfà. Olùkọ́ náà ní, "Ta ló ti rí ejò tó ń jẹun lójúkojú rí?" Ọwọ́ Mariyah ti wà lókè kó tó mọ̀.

"Ọ̀kan wà nílé wa, sà," ó sọ.

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àmọ́ Adéọlá, tó jókòó níwájú, yí ọrùn padà wò ó. Adéọlá ni ọmọ tí gbogbo kíláàsì ń fẹ́ jókòó tì. Bàbá rẹ̀, ará Ìjẹ̀bú, ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Apọ́ngbọ̀n. Adéọlá kì í ṣe ìkà, kì í sì í fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ibi tí ohun tuntun bá wà ló máa ń lọ, àwọn tó kù á sì tẹ̀ lé e.

"Ṣé a lè wá wò ó?" ó béèrè nígbà tí wọ́n lu aago ìsinmi.

Wọ́n wá lọ́jọ́ kejì, Adéọlá, Ṣeun tó máa ń ya fídíò, àti àwọn ọmọ méjì míì. Mariyah din dòdò. Adéọlá bọ́ bàtà, ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì Haleem bí ẹni tó ti ń wá síbẹ̀ látọjọ́. Wọ́n gbé Jẹ́jẹ́ lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pariwo. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Mariyah kò fọ abọ́ dòdò náà títí ìyá rẹ̀ fi dé. Ó fẹ́ kí nǹkan kan ṣì wà nílẹ̀ tó fi hàn pé èèyàn wá.

Ní súkúù lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan fi àga pamọ́ dè é. Irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí i rí.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí bó ṣe ń jẹun. Haleem ti bá ọkùnrin kan tó ń sin eku funfun ní Sùúrùlérè sọ ọ́ pé kó máa fi òkú eku ránṣẹ́ sí Mariyah. Mariyah mú ọ̀kan jáde. Jẹ́jẹ́ rọra sún mọ́ ọn, ó gbé e mì lódidi, Ṣeun sì ya gbogbo rẹ̀. Ikùn ejò náà yọ síta bí ìgbà tí èèyàn fi bọ́ọ̀lù sínú ìbọ̀sẹ̀.

"Gbé e sí mi lọ́rùn," Adéọlá sọ. "Mo fẹ́ kí wọ́n rí bí ikùn ẹ̀ ṣe yọ."

"Bọ̀ọ̀dá mi ní ká má fọwọ́ kàn án tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun."

"Ṣé bọ̀ọ̀dá ẹ wà níbí ni?"

Mariyah dé àpótí náà.

"Kò burú," Adéọlá sọ, ó sì mú báàgì rẹ̀. Kò bínú rárá. "Ẹ jẹ́ ká máa lọ nígbà náà. Òjò ti ṣú."

Mariyah ti ń gbọ́ ìró bàtà wọn lórí àtẹ̀gùn kí wọ́n tó gbéra. Ó ti ń gbọ́ bí ilé náà ṣe máa rí lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi ìdérí àpótí.

"Ẹ dúró ná," ó sọ.

Ọrùn Adéọlá ni Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ lọ, ó lọ sí apá Ṣeun, ó lọ sọ́wọ́ àwọn méjì tó kù, ó sì tún padà. Ó ń gbìyànjú láti ká ara rẹ̀ bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ń tú u. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló bi eku náà.

Mariyah kò fẹ́ gbà pé nǹkan tóun ṣe ló fà á. Ó ní bóyá eku náà ti bàjẹ́ ni. Àánú Jẹ́jẹ́ ṣe é, ó rò pé ebi á ti máa pa á, ló bá fún un ní eku míì lọ́jọ́ yẹn kan náà. Jẹ́jẹ́ wo eku náà pẹ́, ó gbé e mì. Lọ́jọ́ Àìkú, ó bì í.

Ọjọ́ yẹn ni Haleem pè.

"Jẹ́jẹ́ ńkọ́?" ó béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, bó ṣe máa ń rí láti bí oṣù mélòó kan.

"Ó wà."

"Ṣó ń jẹun dáadáa?"

"Ó ń jẹun dáadáa, Bọ̀ọ̀dá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wà dáadáa."

"Mo fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́. Bá mi kí Màámi."

Ìpè náà parí. Mariyah jókòó, ó ń wo fóònù náà títí iná ojú rẹ̀ fi kú.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ṣeun mú eku kan wá tó tóbi ju àwọn ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ní àwọn èèyàn ń béèrè fún fídíò míì, èyí tó tún le ju ti àkọ́kọ́. Eku náà fẹ̀ ju ibi tó sanra jù lọ lára Jẹ́jẹ́. Mariyah rí i. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, àmọ́ Adéọlá ti fi ọwọ́ kọ́ ọ lọ́rùn, ó ń sọ fún àwọn tó kù pé, "Mariyah yìí, kò sẹ́ni tó láyà tó o." Ó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Òjò rọ̀ mọ́jú. Iná lọ, gúlóòbù tó ń mú àpótí náà gbóná sì kú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Jẹ́jẹ́ ti bì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ká ara rẹ̀ jọ. Ó na ara gbọọrọ, ó gbé orí sókè, ó ya ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. Eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń yọ.

Ẹ̀rù ba Mariyah. Ó gbé Jẹ́jẹ́ sínú àpò ìrọ̀rí, ó so ẹnu rẹ̀, ó gbé e sínú báàgì súkúù rẹ̀, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ó jókòó sáàárín àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ti ọjà Sandgrouse ra edé bọ̀, ó gbá báàgì náà mọ́ra. Ọ̀kan nínú wọn ní kó gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ kó lè fara balẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé mà, kò wúwo." Bí wọ́n bá mọ ohun tó wà níbẹ̀, wọn ì bá ti fò sílẹ̀ lórí eré.

Ilé ìwòsàn ẹranko kan wà lọ́nà Ìkòyí. Dókítà ibẹ̀, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ọláyẹmí, kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé Jẹ́jẹ́ lé orí tábìlì, ó fi ìka tẹ ikùn rẹ̀, ó fi igi pẹlẹbẹ kékeré la ẹnu rẹ̀, ó wo inú.

"Ṣé ẹnì kan máa ń gbé e lẹ́yìn tó bá jẹun?" ó béèrè.

Ojú ti Mariyah. "Rárá, mà."

"Ṣé ibi tó wà máa ń gbóná?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Eku tó ń jẹ ńkọ́? Ṣé kò tóbi jù?"

"Kò tóbi, mà."

Dókítà náà wò ó díẹ̀. "Tó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé aràn ló máa wà nínú rẹ̀. Máa kán oògùn yìí sí i lẹ́nu. Tó o bá ń padà bọ̀, mú ìyá rẹ dání."

Oògùn náà kò ṣeé lò láìfi ipá la Jẹ́jẹ́ lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni Mariyah ń dì í mú, ojoojúmọ́ ni ejò náà ń jà, tó ń fi ìrù lu tábìlì, agbára rẹ̀ sì ń dín kù. Nígbà tó yá, kò jà mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bi omi tí ẹ̀jẹ̀ tínínrín wà nínú rẹ̀ sórí ọwọ́ Mariyah.

Mariyah nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wo yàrá náà káàkiri, bẹ́ẹ̀dì Haleem, bàtà Haleem tó wà lábẹ́ rẹ̀, bẹ́líìtì rẹ̀ tó ṣì fi ara kọ́ ìṣó. Kò sí ẹnì kankan tó lè bá a dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbé báàgì, ó sì padà sọ́dọ̀ Dókítà Ọláyẹmí lóun nìkan.

"Ìyá rẹ dà?" Dókítà béèrè.

"Irọ́ ni mo pa fún yín, mà," Mariyah sọ. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀, kò lè dúró mọ́. Ó sọ ti Adéọlá, ó sọ ti fídíò, ti eku ńlá, ti iná tí kì í sí, ti eku kejì tó fún un lọ́jọ́ kan náà. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Dókítà fi Jẹ́jẹ́ sínú àpótí kan tó móoru, ó fi aṣọ bò ó, ó sì wá jókòó.

"Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí," ó sọ, "àìsàn tí kò ṣe é ni mo fún un loògùn sí."

Mariyah tẹ orí ba.

"Ejò kì í rún oúnjẹ lẹ́nu bíi tiwa. Odidi ló ń gbé e mì, ikùn rẹ̀ ló máa wá ṣe gbogbo iṣẹ́ yòókù, iṣẹ́ náà sì pọ̀ fún un. Tí wọ́n bá dà á láàmú kí oúnjẹ náà tó dà, ara rẹ̀ á ní kó ju ẹrù yẹn sílẹ̀ kó lè ráyè sá. Ìdí tó fi bì lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn. Lójú tiẹ̀, ọwọ́ yín yẹn, ẹranko tó fẹ́ pa á jẹ ni."

"Àmọ́ ó mọ̀ mí, mà."

"Ó lè mọ òórùn rẹ. Kò mọ̀ pé o fẹ́ràn òun." Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń báni wí. "Ejò kò ní ooru tirẹ̀ nínú ara. Ìta ló ti ń gbà á. Tí gúlóòbù bá kú nínú òjò, oúnjẹ á kàn dúró sínú rẹ̀, á máa rà. Èyí tó bá sì tóbi jù á rà kó tó dà. Kí ló máa ṣe tí kò ní bì í? Tó bá tún wá bì báyìí, omi kíkan inú rẹ̀ á ti jó o lọ́fun. Ó nílò ìsinmi gidi kó tó tún jẹ nǹkan kan. Ìwọ sì tún gbé eku sí i níwájú lọ́jọ́ yẹn kan náà."

"Mo rò pé ebi ń pa á, mà."

"Mo mọ̀. Fún mi ní nọ́ńbà ìyá rẹ."

Ìyá Mariyah fi àwọn oníbàárà sílẹ̀, ó wá pẹ̀lú téèpù tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn. Ó jókòó, ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Dókítà, kò sì já lu ọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó béèrè ni pé, "Ṣé ó máa yè, Dókítà?"

"Mi ò lè fi dá yín lójú, Màmá. Tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń mumi, ó lè yè. Tí iná bá lọ, ẹ rọ omi tó móoru sínú ike, ẹ fi aṣọ wé e, kí ẹ gbé e tì í. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án."

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tí wọ́n wọ̀ padà, Mariyah fẹ́ gba báàgì náà, àmọ́ ìyá rẹ̀ ti gbé e lé itan ara rẹ̀. Obìnrin tí kò wo ojú ejò yẹn rí dì í mú ṣinṣin kí kòtò má baà mì í. Wọ́n ti dé ìsọ̀kalẹ̀ afárá kó tó sọ̀rọ̀.

"Mi ò mọ̀ pé ilé yẹn dá páropáro fún ẹ tó báyìí."

"Mi ò bínú sí yín, Màámi."

"Mo mọ̀. Ó sàn kó o bínú sí mi, kó o sì sọ fún mi."

Lọ́jọ́ Ajé, Adéọlá bi í ní kíláàsì bóyá àwọn lè wá lẹ́yìn súkúù.

"Ẹ lè wá," Mariyah sọ. "Àmọ́ kò sẹ́ni tó máa rí Jẹ́jẹ́. Ara ẹ̀ ò yá, a ti bo àpótí ẹ̀."

Adéọlá wò ó, ó yà á lẹ́nu lóòótọ́. "Kí la wá fẹ́ wá ṣe níbẹ̀?"

Kò fi ìbéèrè náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fẹ́ mọ ìdáhùn ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí àga tí wọ́n ń fi pamọ́ dè é fi padà di ti ẹlòmíì.

Èyí tó tún nira jù ni ti Haleem. Mariyah fúnra rẹ̀ ló pè é, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìyọ nǹkan kan sílẹ̀.

"Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kó o má ṣe," Haleem sọ.

"Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá."

"O ní ó ń jẹun dáadáa. Mo bi ẹ́, o ní ó ń jẹun dáadáa." Ó pa fóònù náà. Kò pè ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Kò pè ní èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn.

Mariyah kò tíì la irú àkókò bẹ́ẹ̀ kọjá rí. Tẹ́lẹ̀, tí ilé bá ti dá jù, á ṣí àpótí, á gbé Jẹ́jẹ́ lé itan, á máa bá a sọ̀rọ̀. Ní báyìí, kò gbọdọ̀. Ó máa ń jí ní àsìkò ìrun Àsùbáà láti pààrọ̀ omi inú ike. Á ti ike náà sábẹ́ aṣọ láìwo ojú ejò, á sì jáde. Nígbà míì, ọwọ́ rẹ̀ á máa yún un láti gbé e. Á gbé ọwọ́ náà sábẹ́ apá, á jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, á ka ìwé rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ń tètè ti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ àwọn ọjọ́ kan. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n jọ ń jẹun.

Nígbà tí Dókítà ní àsìkò ti tó, Mariyah fún Jẹ́jẹ́ ní eku kan tó kéré bí àtàǹpàkò. Jẹ́jẹ́ gbé e mì. Mariyah bo àpótí, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì lọ jókòó sí pálọ̀. Ó ń dìde ní gbogbo ìgbà tó bá gbọ́ ìró kan.

Fóònù dún. Haleem ni.

"Màámi fún Dókítà yẹn ní nọ́ńbà mi, ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi," ó sọ. "Ó ní ọjọ́ oúnjẹ nìyí. Ṣó jẹ ẹ́?"

"Ó jẹ ẹ́. Mo ti bò ó. A ò tíì mọ̀ bóyá á dúró nínú ẹ̀."

"Ó dáa." Kò sọ pé òun fẹ́ máa lọ. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ìwọ ńkọ́?"

Mariyah fẹ́ sọ pé òun wà dáadáa. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ètè rẹ̀.

"Ilé ò dùn, Bọ̀ọ̀dá," ó sọ. "Ilé ò dùn látìgbà tẹ́ ẹ ti lọ."

"Ibí náà ò dùn," Haleem sọ. "Inú yàrá kan báyìí ni mo máa ń wà. Mo lè wà níbẹ̀ tílẹ̀ á fi ṣú, mi ò ní la ẹnu. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lóhùn mi ni mo ṣe máa ń tètè pa fóònù."

Wọ́n sọ̀rọ̀ títí bátìrì fóònù náà fi kú.

Ọjọ́ kan kọjá, Jẹ́jẹ́ kò bì. Ọjọ́ kejì kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Mariyah wọlé láti pààrọ̀ omi, ó sì rí ìgbẹ́ ejò lórí bébà tó tẹ́ sínú àpótí, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Oúnjẹ náà ti dà. Ó ya fọ́tò ìgbẹ́ náà, ó sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìkọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Kò pẹ́ tí Haleem fi ránṣẹ́ padà. Ohùn ló fi ránṣẹ́, ẹ̀rín lásán ló wà nínú rẹ̀, ẹ̀rín tó gùn, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nígbà tó dà bí ẹni pé ó ti parí. Ìyá wọn jáde wá láti ilé ìdáná, ó ní kí Mariyah tún un gbé sí i kí òun gbọ́.

Mariyah kò di ọmọ tí gbogbo kíláàsì ń fẹ́ jókòó tì. Àwọn ọ̀sán kan ṣì wà tí ilé náà máa ń dá, tí ọjà á máa pariwo nísàlẹ̀ láìpe orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ó ti mọ nǹkan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹni tó jẹ́ pé torí ohun tó wà lọ́wọ́ wa ló ṣe ń wá wa kò ní dúró tí ohun náà bá kúrò níbẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ torí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ba ohun tí wọ́n ní ká bá wọn tọ́jú jẹ́. Ó mọ̀ pé ẹni tó bá fi òótọ́ pamọ́ fún ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́, oògùn àìsàn míì ni wọ́n máa fún un. Tí ilé bá sì dá fún un báyìí, ó máa ń sọ ọ́ síta fún àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀.